Ìyá Ìtùnú Ní Bọ́ọ̀sì Ń Wọlé

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé inú ń bí mi. Inú ti ń bí mi láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìbínú náà kò sì tíì rọlẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń pariwo níbi tó yẹ kí n ti rọra sọ̀rọ̀, ẹ má bá mi wí. Adégbóyè lorúkọ mi, awakọ̀ ni mí ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè pariwo níbẹ̀, ebi ni yóò pa á.

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́runtóyìn ni mo fẹ́ sọ. Tóyìn là ń pè é. Ọmọ Kám̀pù Ìtùnú ni, abúlé àwọn aláṣọ funfun kan tó wà nínú igbó lẹ́yìn Aráròmí-Obù. Wọ́n ń gbin kòkó, wọ́n ń gbin pákí, wọ́n ń fún epo, ṣùgbọ́n àdúrà gan-an ni iṣẹ́ wọn. Bí wọn kò bá sí lóko, inú ààwẹ̀ ni wọ́n wà. Tóyìn ṣe kọ́ńdọ́ fún mi rí, lórí bọ́ọ̀sì eléèrò méjìdínlógún tí mo ṣì ń wà yìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò mọ̀ ọ́n ṣe! Ohùn rẹ̀ ò jáde. Á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, á máa sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Òdìgbò la ń lọ o." Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé ó ń pe èrò sínú ọkọ̀ ni àbí ó ń pè wọ́n síbi ìsọjí. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Irọ́ kì í sì í jáde lẹ́nu rẹ̀, kódà lórí ṣéńjì.

Ìgbà tó yá ni àwọn kan dé láti Àkúrẹ́. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ wọn, mi ò wá ìjà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya gbogbo ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì lè gbà lágbègbè wa sínú máàpù, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n máa tún ṣe. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ ọ̀nà, tó sì ní sùúrù, gbogbo gáréèjì sì nawọ́ sí Tóyìn. Wọ́n fún un ní fóònù kan. Bí mo bá ti ṣáná sí ọkọ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́, fóònù á máa fa ìlà tẹ̀ lé wa. Ibi tí èrò bá ti bọ́ sílẹ̀, á tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, á ní kí n dúró, á sọ̀ kalẹ̀, á ya fọ́tò ihò bíi pé ihò náà ń ṣe ìyàwó. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà, àwọ̀ ewé ni yóò ní nínú máàpù. Èyí tí bọ́ọ̀sì ò lè gbà, pupa. Ibi tó bá pupa ni katakata tó ń tún ọ̀nà ṣe máa bá lọ.

Àwa awakọ̀ sọ ọ́ ní Tóyìn Máàpù. A ó ní, "Tóyìn Máàpù, ṣé o ti tẹ ihò iwájú ilé àna mi?" Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn náà ló kàn." Ó bá mi lọ Ajue, ó bá mi lọ Òdìgbò, ó bá àwọn yòókù lọ ibi tí èmi kì í lọ. Mi ò rí i kó láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo bi í pé kí ló ń dùn mọ́ ọn nínú ihò. Ìgbà náà ló sọ ohun tó gbà á lọ́kàn fún mi, ìyá rẹ̀ sì ni.

Ìyá Ìtùnú ni gbogbo ayé ń pè é. Òun ni olórí kám̀pù náà láti ìgbà tí wòlíì tó tẹ ibẹ̀ dó ti kú. Obìnrin gíga, ojú rẹ̀ mọ́, bó bá gbàdúrà fún ọ, orí rẹ á wú. Ó yọ̀ ṣubú níbi tí wọ́n ti ń fún epo, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Látìgbà náà ni kò ti lè la ẹsẹ̀ gun ọ̀kadà mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀kadà nìkan ló ń dé Kám̀pù Ìtùnú. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó gẹdú ti gún ọ̀nà náà di ẹrẹ̀, afárá onígi tó wà lórí odò ibẹ̀ sì ti já. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Ìyá fínra, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, dókítà kan ní Ọ̀rẹ̀ sì ti sọ pé òun gbọ́dọ̀ máa fojú rí i. Ẹ má rò pé ó kọ oògùn o. Oògùn tí Tóyìn bá fi rán ọlọ́kadà sí i, gbogbo rẹ̀ ló ń lò. Kí ó jáde kúrò nínú igbó yẹn ni kò ṣeé ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n," Tóyìn wí fún mi, "bí wọ́n bá tún ọ̀nà yẹn ṣe, ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbé ìyá mi jáde. Mi ò bẹ Ọlọ́run ní nǹkan mìíràn."

Mo ní kò burú, Ọlọ́run á ṣe é.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú iṣẹ́ náà. Ibi tí bọ́ọ̀sì ò bá dé, fóònù ò lè fa ìlà níbẹ̀. Àwọn kan tó ṣe irú iṣẹ́ yìí níbòmíràn ti fi irọ́ ran ìlú bàbá wọn lọ́wọ́, wọ́n ní ọ̀nà tó dán bí ọ̀dà ti bàjẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Nítorí náà, wọ́n ní olórí ibẹ̀ gan-an ni kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ sínú fóònù, ṣé bọ́ọ̀sì ń wọlé àbí kò wọlé. Ohun tí olórí bá sọ ni wọ́n máa gbà, pàápàá bí ẹni tó gbé fóònù bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀.

Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ó parí! Ṣebí ìyá rẹ ni olórí. Kí ló tún kù?"

Tóyìn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ ìyá mi."

Mo bá a lọ, torí mo fẹ́ mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí kí n tó gbé ọkọ̀ mi síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀kadà la gùn. Nígbà tí a dé odò, a sọ̀ kalẹ̀, a fi ẹsẹ̀ là á kọjá. Ìyá jókòó lábẹ́ àtíbàbà ìjọ, Monílọ́lá, àbúrò Tóyìn, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ará kám̀pù sì yí wọn ká. A dọ̀bálẹ̀. Tóyìn tẹ fóònù, ó gbé e sún mọ́ ẹnu ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ṣé bọ́ọ̀sì ń wọ Kám̀pù Ìtùnú?"

Ìyá gbé orí sókè. Ìkálẹ̀ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: "Bọ́ọ̀sì ń wọlé. Ó ń wọlé, ó ń jáde, ní agbára Ẹ̀mí Mímọ́."

Gbogbo wọn ní, "Àmín!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí àwàdà ni. Kò sí ẹlòmíràn tó rẹ́rìn-ín, ni mo bá gbé ẹ̀rín mi mì. Tóyìn ti ń wo ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ó pẹ́ kó tó yé èmi náà. Ní kám̀pù yẹn, wọn kì í fi ẹnu wọn pe ibi. Bí ibà bá ń gbọn ẹnì kan jìgìjìgì tí ẹ bi í pé báwo ni, á ní ara òun le koko. Bí oúnjẹ bá tán nílé, wọ́n á ní ó kún. Ohun tí a bá sọ fún ọgbọ́, wọ́n ní òun lọgbọ́ ń gbọ́. Ẹni tó bá ní kò sí, ó ti fẹnu ara rẹ̀ pàṣẹ pé kó má sí nìyẹn. Èmi ọmọ ìjọ Áńgílíkà, bí kò bá sí, mo máa ń ní kò sí, Ọlọ́run ò sì tíì bá mi jà.

Tóyìn ní, "Ìyá, mo mọ̀. Inú yín ni mo ti jáde. Ṣùgbọ́n fóònù yìí ò mọ ìgbàgbọ́. Bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ ni yóò gbé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí lónìí."

"Ṣé kí n fi ẹnu mi dí ọ̀nà ni?" Ìyá dáhùn. "Ọ̀nà tí mò ń gbààwẹ̀ lé lórí? Bí mo bá ní kò ṣí, ta ni yóò bá mi kó ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀?"

Monílọ́lá ní, "Ìyá, ẹ sọ ọ́ nítorí ẹsẹ̀ yín."

"Ẹsẹ̀ mi ti sàn."

Háà! Ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà mọ́! Tóyìn di ẹsẹ̀ náà mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ọmọdé. Èmi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ọ̀nà yẹn wá ni. Bọ́ọ̀sì wo ló ń wọlé? Ṣé ti àwọn áńgẹ́lì ni?" Wọ́n wò mí bíi kí ilẹ̀ gbé mi mì. Ìyá nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre fún mi, fún ọkọ̀ mi, fún táyà mi. Èmi náà ń ṣe àmín, mo ṣe é tán kí n tó rántí pé inú ń bí mi.

Nígbà tí à ń padà, mo ní kí Tóyìn jẹ́ kí èmi sọ ọ́ sínú fóònù. Mo lè sọ ohùn mi di ti àgbàlagbà. Ta ló mọ ohùn olórí Kám̀pù Ìtùnú ní Àkúrẹ́? Ó dúró sínú ẹrẹ̀, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí n fi irọ́ gbé ìyá mi wọ ọkọ̀?"

Mo ní òmùgọ̀ ni. Mo ṣì ń sọ ọ́ títí di òní. Ó fi ohùn ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà, ó fi fọ́tò afárá tó já tì í. Beauty, ọmọbìnrin Ẹ̀dó tó ń gba iṣẹ́ wọn lọ́fíìsì, pè é lórí fóònù. Ó ní òun rí fọ́tò o, ṣùgbọ́n ọmọ ibẹ̀ ni Tóyìn, olórí sì ti sọ pé bọ́ọ̀sì ń wọlé. Òun ò lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ borí ti olórí. Kò pariwo mọ́ ọn, ọmọ dáadáa ni. Òfin ni òfin.

Máàpù jáde. Ọ̀nà tiwa pupa káàkiri. Ti Kám̀pù Ìtùnú jẹ́ àwọ̀ ewé, ó dúdú mìnìjọ̀ bí oko kòkó.

Katakata dé lóòótọ́. Ẹ ò lè sọ pé wọ́n parọ́. Wọ́n tún ibi tó pupa ṣe, àwọn abúlé mìíràn ń jó ijó ayọ̀. Nígbà tí katakata dé oríta tó yà sí Kám̀pù Ìtùnú, ó kọjá. Tóyìn sáré tẹ̀ lé e, ó ń juwọ́. Ẹni tó ń wà á ní ibi tí wọ́n ní kí òun ṣe ni òun ń ṣe, pé wọ́n ní ọ̀nà yẹn dáa. Tóyìn padà wá sínú bọ́ọ̀sì mi, ó jókòó síwájú, ó sunkún. Ọkùnrin tó ti bímọ! Mo ń wa ọkọ̀ lọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Monílọ́lá pè pé èémí Ìyá ò já gaara mọ́. Tóyìn sáré wọ gáréèjì láìwọ bàtà. Mo bẹ àwọn èrò mi kí wọ́n bọ́ sílẹ̀, a sì gbéra. A kọjá Aráròmí-Obù, a yà wọ ọ̀nà náà. Mo wa ọkọ̀ bí mi ò ṣe wà á rí. Kí ni mo máa fi ẹrẹ̀ yẹn wé? Ọkọ̀ rì kí a tó dé odò, ó rì dé ikùn. A gbẹ́ ẹ, a fi ewé ọ̀pẹ tẹ́ táyà, ó tún ń rì sí i. Tóyìn pe àbúrò rẹ̀ pé kí wọ́n gbé Ìyá pàdé wa.

Wọ́n gbé e jáde lórí àga, wọ́n fi ìró dè é mọ́ ọn kó má baà ṣubú. Aṣọ funfun rẹ̀ ló wọ̀. Mo rí wọn tí wọ́n ń ti inú odò bọ̀, omi mù wọ́n dé àyà, wọ́n gbé àga sókè lórí. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ kú ewu o. Ọkọ̀ ti wà nílẹ̀." Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí. Mo tún kí i. Monílọ́lá ló sọ fún mi pé òkú ni mò ń kí, pé inú odò ló ti dákẹ́.

Wọ́n gbé e padà gba ibi tí wọ́n gbà gbé e wá. Iwájú ìjọ ni wọ́n sin ín sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Tóyìn pe Beauty, ó sọ fún un ohun tí ọ̀nà náà ṣe fún Ìyá. Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin náà ń sunkún lórí fóònù. Ó ní wọ́n ṣì fẹ́ tún máàpù náà yẹ̀ wò, pé kí olórí tuntun ṣáà sọ gbólóhùn kan, kò wọlé, ó tán, òun fúnra òun á wá gbọ́ ọ. Ó sì wá. Mo gbé àwọn méjèèjì dé ibi tí ọkọ̀ lè dé, a fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Inú mi dùn díẹ̀. Mo ní ikú Ìyá ò ní já sí asán. Ohun mìíràn sì wà nílẹ̀ tó fi gbọ́dọ̀ yá: oyún wà nínú Monílọ́lá, ó ti sún mọ́ àtibí, dókítà sì ti sọ fún un pé ọmọ náà dábùú, pé kò gbọdọ̀ bí i nílé.

Bàbá Eli ni wọ́n fi jẹ olórí, arúgbó tó ti wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ sàréè Ìyá ni gbogbo wa dúró sí, wọn ò tíì fi sìmẹ́ńtì bò ó. Beauty gbé fóònù, ó béèrè. Bàbá Eli wo sàréè, ó wo àwọn èèyàn rẹ̀.

"Ìyá ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà yìí kó tó lọ," ó wí. "Ṣé kí n wá dúró lórí sàréè rẹ̀, kí n ní irọ́ ló pa?"

Bàbá kọjú sí Tóyìn.

"Ìwọ ni àkọ́bí rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lé ọ lọ́wọ́. Bí ìwọ bá lè là á lójú gbogbo wa pé ìyá rẹ purọ́, a ó gbà. Àwa náà á sọ ọ́ tẹ̀ lé ọ."

Mo yíjú sí Beauty. Ó ní bí olórí bá ti gbé ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́ ní gbangba, òun á gbà á. Ó gbé fóònù sún mọ́ Tóyìn.

Mo ní sínú, sọ ọ́. Mo tún fi ẹnu sọ ọ́: "Sọ ọ́, Tóyìn! Kò wọlé! Ṣebí ojú rẹ ló ṣe!" Wọ́n ní kí n dákẹ́. Monílọ́lá dúró níwájú wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó ń wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tóyìn ya ẹnu, ó pa á dé. Èmi tí mo mọ̀ pé irọ́ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀, mo ní òtítọ́ náà ni yóò jáde.

Ó ní, "Ìyá mi kò purọ́."

"Àmín," ni gbogbo wọn wí.

Beauty rọra bi í lẹ́ẹ̀kan sí i: "Ẹ̀gbọ́n Tóyìn, ṣé bọ́ọ̀sì ń wọlé, àbí kò wọlé?"

"Ó ń wọlé."

Mo bú u. Níwájú ìjọ, níwájú sàréè, mo bú u, mo sì ń bú u lọ lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé odò, omi tó mù wá dé orúnkún nígbà tí à ń lọ ti kún dé àyà, òjò ti rọ̀ lókè. Monílọ́lá ti di aṣọ díẹ̀ sínú àpò, ó sìn wá wá, ó ní òun fẹ́ bá wa lọ Ọ̀rẹ̀ kí òun lọ dúró de ìbí níbẹ̀. Èmi àti Tóyìn dì í mú lápá, a gbé ẹsẹ̀ wọ omi. Omi gbá a, ó ké, a sáré fà á padà. A tún gbìyànjú ibòmíràn. Kò ṣeé ṣe. A mú Beauty kọjá, torí òun ò lóyún. Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, Monílọ́lá ti gbé àpò rẹ̀ lérí, ó ń padà lọ sílé.

Inú oṣù yìí ni yóò bí.